Ẹ̀rọ Orin Tí Bùsírátù Fi Sínú Pijó Alhaji

Ẹ̀yin ìyáálé ilé tó ń ka ojú ewé yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin ìyàwó kékeré náà, ẹ má tíì dìde, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bùsírátù fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí n má bá òun fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀.

Àdìrẹ ló ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Òun ni ìyàwó àkọ́fẹ́ Alhaji Abdulkabir, oníṣòwò aṣọ. Ilé wọn wà ní Ìbarà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, Mùs'áb, ń kàwé ní Ìlọrin. Ọdún méjì sẹ́yìn ni Alhaji fẹ́ Àsmá'ù, ọmọ Wásinmi, tó ń ta híjáàbù ní Òmídà.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilé náà tí Alhaji fẹ́ràn ju bó ti yẹ lọ. Pijó 504 kan ni, àwọ̀ mílíìkì, tí bàbá rẹ̀, olóògbé Alhaji Sàlàhúdíìnì, fi sílẹ̀ fún un. Fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ líle nù ún. Rédíò inú rẹ̀ ní kókó méjì tí wọ́n ń yí. Bó bá wù ú, á sọ̀rọ̀. Bí kò bá wù ú, á máa ha bí ọ̀fun àgbàlagbà.

"Alhaji, rédíò yìí ti darúgbó o," ni Àsmá'ù wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. "Ó yẹ kí ẹ fi ẹ̀rọ orin ìgbàlódé sí mọ́tò yìí. Èyí tó ní ojú gíláàsì gbàgẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀."

Alhaji rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà.

Ẹ̀rín yẹn ló bẹ̀rẹ̀ ogun. Ó lé lógún ọdún tí Bùsírátù ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí, kò sì rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín báyẹn gbẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ó ń rò ó lọ́jà, ó ń rò ó nídìí ààrò. "Ó fẹ́ ẹ. Ó kàn ń tijú ni. Bí ọmọdébìnrin yìí bá wá kọ́kọ́ ṣe é fún un, mo gbé."

Ẹ wo obìnrin tó mọ bí iyọ̀ ṣe ń tó sí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ tí kò mọ ẹ̀rín rẹ̀! Ẹ̀rín "ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ni" ni Alhaji rín. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló mọ̀, àfi ẹni tí owú ti bò lójú.

Láìpẹ́, Alhaji lọ ra ọjà ní Kánò. Kọ́kọ́rọ́ Pijó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ níbi tó máa ń wà. Lójoojúmọ́ tí Bùsírátù bá kọjá níbẹ̀, á wò ó. Lójoojúmọ́ tó bá ń ti Ìtòkú bọ̀, á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Olúmidé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ orin sí mọ́tò. Á kọjá. Á tún bojú wẹ̀yìn. Ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn yà síbẹ̀ ni.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá."

"O ṣé, ọmọ mi. Ẹ̀rọ orin mọ́tò ni mo wá wò. Èyí tó dára jù."

Ó parọ́ orí fífọ́ lọ́jọ́ tí Olúmidé máa wá, kò lọ sọ́jà. Àsmá'ù po ògì gbígbóná fún un kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. "Ẹ sinmi o, ìyáálé mi. N ò ní pẹ́." Bí ọmọdébìnrin náà ṣe kúrò lójú pópó báyìí ni Olúmidé dé.

Ó yí Pijó náà po, ó súfèé. "Ìyá, ṣé Alhaji ló ni èyí? Ojúlówó ni! Kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí n fi kékeré sí i, èyí tó máa wọ ojú ihò rédíò àtijọ́. Kò ní gba gígé rárá."

"Gbàgẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo fẹ́."

"Ayùn ló máa gbà nìyẹn o. Mo máa gé dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo máa gé ilẹ̀kùn fún sípíkà, mo sì máa gé ẹ̀yìn náà." Ó bojú wo ẹnu ọ̀nà ilé. "Ṣé Alhaji mọ̀ sí i? Ẹ bá mi pè wọ́n, kí n gbọ́ ohùn wọn."

Níbí yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ni ilẹ̀kùn àánú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò ju kó tẹ ọkọ rẹ̀ láago lọ. Alhaji ìbá pariwo, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀.

"Àwọn gan-an ló rán mi," ni Bùsírátù wí. "Wọ́n wà lójú ọ̀nà, fóònù ò ní wọlé."

Nígbà tí ayùn kọ́kọ́ jẹ irin, Bùsírátù sáré sún mọ́ ọn. "Dúró ná!" ló pariwo. Olúmidé dúró, ó wojú rẹ̀.

"Ìyá, ó ti gé débì kan o. Kò ṣe é dá padà."

"Ó dáa. Máa gé e lọ."

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, iṣẹ́ parí. Ojú gíláàsì ńlá kan ń dán níbi tí rédíò Alhaji Sàlàhúdíìnì ti wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Sípíkà wà nínú ilẹ̀kùn, ó wà lẹ́yìn ìjókòó, òmíràn tó tóbi bí àpótí aṣọ sì jókòó sínú búùtù. Olúmidé tàn án díẹ̀, gbogbo ara ọkọ̀ náà gbọ̀n. Inú Bùsírátù dùn, ẹ̀rù sì tún bà á.

"Ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa," ni Olúmidé wí. "Wáyà inú mọ́tò yìí ti gbó, kò lè gbé ẹ̀rọ yìí. Bátìrì gan-an ni mo fà á sí. Bí Alhaji bá yọ kọ́kọ́rọ́, kò ní kú o. Bọ́tìnì kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, òun ni wọ́n máa tẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti sọ fún wọn."

"Màá sọ fún wọn."

Ó fi tapólì bo mọ́tò náà bí Alhaji ṣe máa ń bò ó. Àsmá'ù dé, kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Alhaji dé. Ó ti pè láti ojú ọ̀nà pé òun yóò kàn sáré wẹ̀ nílé, òun yóò sì gbé Pijó lọ kírun. Bùsírátù ká tapólì kúrò, ó nu mọ́tò, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ ṣáájú. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dá nìkan bá ẹ̀bùn náà pàdé. Ó ti mọ ohun tóun máa fi dá a lóhùn bó bá dúpẹ́: "Kò tó nǹkan, Baba Mùs'áb."

Lèmọ́mù ti ń ka kùtúbà lọ nígbà tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Gbì. Gbì. Gbì-gbì.

Gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ohùn olórin kan yọ, ó ń ki obìnrin kan tó mọ ìdí í jù. Àwọn obìnrin wo ara wọn. Fàòsíyà, ọ̀rẹ́ Bùsírátù, tó jókòó tì í, na ọrùn sí fèrèsé.

"Ta ni aláìlójútì yìí?" Ó tún wò ó. "Háà! Ìyá Mùs'áb, Pijó Alhaji yín mà ni!"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Alhaji ti rí gíláàsì náà nílé, ojú rẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n àkókò ìrun ti ń lọ. Ó wa mọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ló ti na ìka sí i láti mọ ohun tó jẹ́. Ìka yẹn ló jí ẹ̀rọ náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́ kó lè dákẹ́, ó túbọ̀ lọ sókè. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, olórin ò gbọ́. Alhaji, ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè láwùjọ, dúró sínú oòrùn, ó ń lu dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Lèmọ́mù dákẹ́. Gbogbo ọkùnrin tó wà lẹ́yìn yíjú síta.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo mọ́ṣáláṣí náà ló mọ bọ́tìnì tó wà lábẹ́ ìjókòó. Kò ju kó dìde, kó bọ́ síta, kó na ọwọ́. Bùsírátù kò dìde. Ó tẹ orí ba, ó ń fi ìka fa etí híjáàbù rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọkùnrin ṣí níkẹyìn, wọ́n fa wáyà kúrò lára bátìrì, kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó lè máa lọ.

"Ìyàwó kékeré ló kó èyí bá wọn," ni Fàòsíyà sọ. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ tó. "Àwọn ni wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà nírú nǹkan báyìí. Aláìlójútì ọmọ!"

Àsmá'ù wà ní ìlà iwájú wọn. Èjìká rẹ̀ súnkì, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn. Bùsírátù gbọ́ ọ, ó sì rí i.

Nígbà tí wọ́n délé, Alhaji kò jókòó. "Ta ló ṣe é?" ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n kò wo ìyàwó méjèèjì. Àsmá'ù nìkan ló ń wò.

"Kì í ṣe èmi, Alhaji."

"Ìwọ kọ́ lo sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ mi? Gíláàsì gbàgẹ̀dẹ̀! Ìwọ kọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́, mo fi ṣeré ni. N ò ṣe é. Wàláì, n ò ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Bùsírátù. Ó sọ fún mi pé òun tọ́ kíkorò rẹ̀ wò lórí ahọ́n òun: èmi ni. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni, "Ẹ rọra, Baba Mùs'áb. Ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ràn ariwo."

Ẹyin lohùn. Èyí balẹ̀, ó fọ́, kò sì sí ẹni tó lè kó o jọ.

"Mọ́tò bàbá mi!" Ohùn Alhaji gbọ̀n. "Wọ́n fi ayùn gé e! Bí o bá jẹ́wọ́, Àsmá'ù, mo máa bínú, màá sì dárí jì ọ́. Irọ́ yìí ni n ò lè bá gbé. Ìyá Mùs'áb ti wà nílé yìí láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, kò fọwọ́ kan mọ́tò yìí rí. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ tí o kò jẹ́wọ́, màá fà ọ́ lé bàbá rẹ lọ́wọ́ ní Wásinmi."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Bùsírátù kò rí ìsinmi. Ó gbé àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún oníbàárà tó béèrè oníko. Ó ń bu omi tó ti bù tẹ́lẹ̀. Bí mọ́tò kan bá dúró níwájú ilé, á rò pé Olúmidé ni. Ó tẹ̀ ẹ́ láago.

"Ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, o ò mọ̀ mí rí."

"Ìyá, kí lẹ ń wí? Ṣé ẹ̀rọ náà ò ṣiṣẹ́ dáadáa ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ jù." Ó pa fóònù.

Alhaji kò jẹ oúnjẹ Àsmá'ù mọ́. Bó bá gbé e síwájú rẹ̀, á dìde. Ọmọdébìnrin náà á gbé abọ́ padà sí kíṣínì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ yàrá Bùsírátù, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ̀yin ni mo ní nílé yìí. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀."

"Dìde, ìyàwó."

"Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi."

Ojú wọn pàdé. Ilé tí ìyàwó méjì nìkan wà, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ṣírò rẹ̀. Àsmá'ù mọ̀. Kò na ìka sí i, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró kí àgbà hùwà àgbà.

Bùsírátù wo ògiri. "Bóyá kí o kàn gbà pé ìwọ ni. Ó ní òun máa dárí jì ọ́, ṣebí o gbọ́? Kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán."

Àsmá'ù dìde jẹ́jẹ́. "Rárá, mà. N ò lè fi ẹnu ara mi ba ara mi jẹ́."

Ó fa ilẹ̀kùn dé. Bùsírátù jókòó, inú ń bí i sí ọmọ náà, bí ẹni pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. Ó jẹ́wọ́ èyí fún mi pẹ̀lú ìtìjú, ó ní òun gan-an kò mọ ibi tí ìbínú yẹn ti wá.

Ọjọ́bọ̀, ó gba ààwẹ̀ nọ́fílà, èyí tí kì í ṣe dandan, bó ṣe máa ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àdúrà tó fi ààwẹ̀ ọjọ́ náà gbà ni pé kí Ọlọ́run bá òun bo àṣírí. Mo bi í bóyá kò já a láyà. Ó ní kò wá sí òun lọ́kàn.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni Màmá Àlímátù, ìyá Alhaji, ti Ìtòkú dé. Wọ́n ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sí pálọ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó méjèèjì.

"Abdulkabir, wọ́n ní o fẹ́ lé ìyàwó rẹ."

"Irọ́ ló ń pa fún mi, Màmá."

"Ta lo gbọ́ ẹnu rẹ̀?" Ó wo ọmọ rẹ̀. "Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ìyàwó méjì lo ní. Ẹ gbé Kùránì wá. Kí àwọn méjèèjì búra, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀."

Àsmá'ù lọ ṣe àlùwàlá. Ó padà wá, ó gba Kùránì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mo fi Ọlọ́run tó ni ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí búra, èmi kọ́ ni mo gé mọ́tò Alhaji, n kò sì rán ẹnikẹ́ni kó gé e."

Alhaji gbójú sókè. Ó jọ ẹni tí wọ́n jí lójijì.

"Ó kàn ọ́, Bùsírátù," ni Màmá wí. "Kì í ṣe pé a fura sí ọ o, ọmọ mi. Kí ó lè dọ́gba ni."

Ẹ wò ó níbi tó dé. Irọ́ pípa fún ọkọ, ó ti ń pa á. Ìwé Ọlọ́run yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbà á, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ ìdí tí kò fi lè gbà á.  Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́: àwáwí tí obìnrin kì í wá jìnnà ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Màmá, ẹ má bínú. N ò… n ò mọ́ lónìí. Nǹkan oṣù mi ni mò ń ṣe."

"Áà. Má fọwọ́ kàn án nígbà náà." Màmá fi aṣọ bo Kùránì. "Kò kánjú. Bó o bá wẹ̀ tán, o ó ṣe tìrẹ."

Afẹ́fẹ́ wọ inú Bùsírátù padà. Ọ̀rọ̀ yí sí nǹkan mìíràn: iye aṣọ Kánò, ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá. Alhaji ń yọ́ Àsmá'ù wò. Àsmá'ù bọ́ sí kíṣínì, òun ló ni oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Bùsírátù ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" sí gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ó fẹ́ mu omi. Ó na ọwọ́ sí ife tó wà níwájú Màmá, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà.

Ààwẹ̀!

Ààwẹ̀ ló gbà. Obìnrin tí kò mọ́ kì í gba ààwẹ̀, ọmọ kéékèèké ilé kéwú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fa ọwọ́ padà. Ó tún rò ó pé, kí òun mu omi náà ni, kí wọ́n lè rí i pé òun ò gbààwẹ̀. Ó tún na ọwọ́. Àyà rẹ̀ kọ̀ ọ́, oòrùn kò tíì wọ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó rántí, pé Alhaji kì í ka irú rẹ̀ sí, pé Màmá kò gbé ọ̀dọ̀ wọn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, òun á yọ́ lọ sí yàrá.

Ládàáànì pe ìrun Màgáríbì. Bùsírátù dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì nígbà tí Àsmá'ù ti kíṣínì jáde, ó gbé àwo dání. Dàbínù wà nínú rẹ̀, àti omi tútù, àti ògì tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ààwẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ kú ààwẹ̀. Ẹ ṣínu."

Màmá sún síwájú lórí àga.

"Ààwẹ̀ kẹ̀?" ni Màmá béèrè. Ó wo àwo náà, ó wo Kùránì tó fi aṣọ bò, ó wá wo ojú Bùsírátù. "Bùsírátù, ààwẹ̀ wo?"

Títí di òní, Bùsírátù kò mọ̀ bóyá ọkàn Àsmá'ù wà níbẹ̀ nígbà tóun wá àwáwí yẹn. Kò bi í. Bóyá inú rere ni. Bóyá ọgbọ́n ni. Ohun tó dá a lójú ni pé irọ́ ti tán lẹ́nu òun. Ó bọ́ sí orí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọdébìnrin tó kúnlẹ̀ náà.

"Èmi ni," ló wí. "Èmi ni mo pe ẹni tó fi ẹ̀rọ náà sí i. Èmi ni mo ní kó gé e. Baba Mùs'áb, mo rò pé inú yín máa dùn ni."

Ẹkún bò ó. Màmá ń sọ "Láìláà" lábẹ́nu. Alhaji ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yíjú sí Àsmá'ù.

"A ti wá mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ó ti tán."

Àsmá'ù gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú ìyáálé rẹ̀. "Àwa méjì la wà nílé, Alhaji," ló wí. "Èmi nìkan lẹ bi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀. Kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kí Bùsírátù pé ẹ kú àárọ̀, ó wọ takisí, ó lọ sí Wásinmi.

Alhaji ní ara rẹ̀ á balẹ̀, á padà. Kò padà. Bùsírátù wá di ìyàwó kan ṣoṣo nínú ilé, ohun tó ti ń wá láti ọdún méjì. Ẹ sì gbọ́ bó ṣe rí: ọkọ rẹ̀ ń jẹun, ó ń dúpẹ́, ó ń wọlé lọ sùn. Olúmidé wá tú ẹ̀rọ náà kúrò, ó ń bẹ Alhaji, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ihò gbogbo ibi tó gé kò kúrò níbẹ̀. Bùsírátù kò lè jókòó, kò lè dúró. Ìbá dáa kí Alhaji fi ọ̀rọ̀ nà án.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó gba Wásinmi lọ. Ìyá Àsmá'ù fún un lómi, ó fún un ní àga, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni Bùsírátù wí. Òun ló kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Àsmá'ù fà á dìde kíákíá. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Mo ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó pè mí ní aláìlójútì nínú mọ́ṣáláṣí ò sí níhìn-ín. Àwọn ni kí ẹ lọ bá."

Ọjọ́ Àìkú, níbi àdúrà àsàlátù ní mọ́ṣáláṣí, Bùsírátù ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ mọ bí àgbà ṣe ń fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ po. "Ẹnì kan wà," ló bẹ̀rẹ̀, "tó ṣe nǹkan kan nínú ilé, tó jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ ẹlòmíràn…"

Àwọn obìnrin ń mi orí. Fàòsíyà kígbe láti ìdí òpó, "Ọlọ́run á mú irú wọn!"

"Fàòsíyà," ni Bùsírátù wí, "èmi ni. Ìyá Mùs'áb ni. Mọ́tò tó pariwo lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, èmi ni mo fi ẹ̀rọ sí i. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, mo sì jókòó tì ọ́ níbẹ̀. O pe Àsmá'ù ní aláìlójútì, mo sì dákẹ́. Aláìlójútì náà rèé."

Kò sí ẹni tó ṣe àmín. Ó gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí ó fi dé ojú títì.

Alhaji wà ní iwájú ilé, ó dúró ti Pijó, ó fi àtàńpàkò ń tọ etí ihò tó wà ní ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí yẹn kì í fi nǹkan pamọ́ fún Ìbarà.

"Mo ti ṣe tèmi, Baba Mùs'áb," ni Bùsírátù wí. "Ó ku tiyín. Ẹ ò bi mí. Ẹ ò bi mí rárá."

Alhaji gbé ọwọ́ kúrò lára Pijó. Ó wọlé, ó dé fìlà, ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó. Nígbà tó jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un, bó ṣe máa ń ṣí i fún un bí àwọn méjèèjì bá ń jáde.

Bùsírátù kò wọ ibẹ̀. Ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó sún dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó jókòó.

"Àyè Àsmá'ù nìyẹn lónìí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ mú un wá."